Oníbodè Arstotzka: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ tó Fẹ́ Dá Géèmù Ṣe

Ọmọ mi, ìyá rẹ sọ fún mi pé o ti ra láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀, pé géèmù lo sì fẹ́ máa fi ṣe. Mo bi í bóyá gbígbá ni tàbí ṣíṣe. Ó ní ṣíṣe gan-an ni, pé géèmù ọ̀hún yóò ní ìlú méje, yóò ní ogun, yóò ní ẹṣin tó ń fò. Inú mi dùn sí i. Ẹṣin yẹn nìkan ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Kí o tó fún un ní ìyẹ́, jókòó tì mí díẹ̀, kí n sọ fún ọ nípa géèmù kan tó jẹ́ pé ìwé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀: ìwé ìrìnnà, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti òǹtẹ̀ méjì. Papers, Please ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣe é, Lucas Pope, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Japan. Ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ló jáde fún Windows àti Mac, ó sì dé orí Linux ní oṣù kejì ọdún 2014. Ìwọ nìkan ni o máa dá a gbá. Kò sí ọ̀rẹ́ tí ẹ ó jọ díje, kò sí ẹni tí o máa nà níbẹ̀ kí o fi yangàn ládùúgbò.

Mo fi nọ́ńbà to ìmọ̀ràn mi kí o lè tètè rí èyí tí o bá fẹ́ bá mi jiyàn lé lórí.

1. Gbá a tán kí o tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Má jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ lé ọ sá. Àwọ̀ eérú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì rí wúruwùru. Ọdún 1982 ni ìtàn inú rẹ̀ wáyé. Arstotzka, orílẹ̀-èdè tí Pope fi orí ara rẹ̀ dá, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ogun ọdún mẹ́fà pẹ̀lú Kolechia tí wọ́n jọ pààlà. Wọ́n tún ẹnubodè ìlú Grestin ṣí. Ìjọba fi tẹ́tẹ́ yan òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ ló jáde, wọ́n sì sọ ọ́ di oníbodè. Wọ́n fún ọ ní ilé kan, ìwọ àti ìyàwó rẹ, ọmọkùnrin rẹ, ìyá ìyàwó rẹ àti mọ̀lẹ́bí àgbà kan sì kó síbẹ̀.

Láràárọ̀ ni wàá wọ àgọ́ kékeré kan, wàá sì pe ẹni tó kàn lórí ìlà. Á ti ìwé rẹ̀ sí ọ. Ó di ọwọ́ rẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù bá ti ìwé àṣẹ mu? Ṣé ọjọ́ ò tíì kọjá lórí rẹ̀? Ṣé ojú tó wà níwájú rẹ ni ojú inú fọ́tò? Ìlú tí wọ́n kọ pé wọ́n ti ṣe ìwé yìí, ṣé ó wà ní orílẹ̀-èdè yẹn lóòótọ́? Òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé fún ẹni tó lè wọlé, pupa fún ẹni tó máa padà síbi tó ti wá.

Ọjọ́ kìíní kò le, ọmọ Arstotzka nìkan ni o lè gbà wọlé. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni òfin ń yí. Àwọn àjèjì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé iṣẹ́. Àwọn tó sá àsálà ní tiwọn, àwọn aṣojú ìjọba ní tiwọn. Bọ́ǹbù á dún lẹ́nu odi lónìí, ìwé mìíràn á sì kún un lọ́la. Tábìlì tí o ń to gbogbo rẹ̀ sí kéré débi pé ìwé kan máa ń bo ìkejì mọ́lẹ̀, kí o má sì rò pé Pope ò mọ bí a ṣe ń ya tábìlì ńlá. Ọjọ́ 31 ni gbogbo eré náà, ọ̀nà 20 ló sì lè gbà parí. O lè parí sí ẹ̀wọ̀n. O lè di ẹni tí òun náà ń fi ayédèrú pásípọ́ọ̀tù sá lọ.

2. Lọ dúró lẹ́yìn tábìlì.

Kí Pope tó ṣe géèmù yìí, ilé iṣẹ́ Naughty Dog ní California ló wà, ó sì wà lára àwọn tó ṣe Uncharted kìíní àti ìkejì, àwọn géèmù ńlá tí owó gidi wọ̀. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 2010, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kó lọ sí Japan. Wọ́n gbé ní Singapore náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé bẹ́ẹ̀ yóò máa gba pápákọ̀ òfurufú kọjá léraléra, ọkàn Pope sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tó ń yẹ ìwé wò, tó ń wojú ènìyàn, tó tún ń yẹ ìwé wò. Ó rí i pé iṣẹ́ yẹn ní òfin, ó ní ìkánjú, ó ní nǹkan tí ojú gbọ́dọ̀ máa wá kiri. Ó rí i pé géèmù ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè kò ṣàjèjì sí àwa. Ẹni tó bá ti tò sí iwájú ẹ́ḿbásì láti ìdájí, pẹ̀lú ìwé báńkì oṣù mẹ́fà nínú ọ̀rá, ti mọ ohun tí àwọn ará Grestin ń rò lórí ìlà. Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò kọjá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n láti iwájú tábìlì ni gbogbo ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ti ń wá: bí wọ́n ṣe wò mí, ohun tí wọ́n bi mí, bí wọ́n ṣe kọ̀ mí láìsọ ìdí. Láyé àtijọ́ oníbodè máa ń wà lẹ́nu odi ìlú Yorùbá, tó ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Nínú ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ fún wa nípa wọn, mi ò rántí ọ̀kan tó béèrè iye ọmọ tí oníbodè náà ń bọ́.

Pope béèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ náà máa ṣe nìyẹn bí o bá ń wá ohun tí géèmù rẹ máa dá lé. Wá ẹni tí o máa ń bínú sí, kí o lọ jókòó sí àga rẹ̀.

3. Òfin eré ni kó sọ ìtàn.

Bí o bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, má gbàgbé èyí. Nínú Papers, Please wọn kì í san owó oṣù fún ọ. Orí ènìyàn ni wọ́n ń kà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tí o bá yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ, ìbáà ṣe pé o gbà á wọlé tàbí o lé e padà, kírédíìtì 5 ni. Ní alẹ́ ni ìṣirò ilé máa jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó ilé jẹ́ 20, oúnjẹ 20, ooru 10, nítorí òtútù ìlú yẹn kì í ṣe kékeré. Ìwọ náà ṣírò rẹ̀: ènìyàn mẹ́wàá kí ará ilé rẹ tó yó kí wọ́n sì sùn láìgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ aago ò dúró dè ọ́. Bí o bá sáré, wàá ṣàṣìṣe. Bí o bá fara balẹ̀, àwọn tí o máa yanjú ò ní tó. Bí o bá ṣàṣìṣe, ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á pariwo, á sì tẹ ìwé ìkìlọ̀ jáde. Méjì àkọ́kọ́ lójúmọ́ kò ní ìtanràn, láti orí ẹ̀kẹta ni wọ́n ti ń yọ owó.

Wá wo ohun tí Pope fi òfin kékeré yìí ṣe. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan á dé iwájú rẹ, ìwé rẹ̀ á pé. Á bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣàánú ìyàwó òun tó kàn lórí ìlà. Ìyàwó dé lóòótọ́, kò ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ó ní wọn ò fún òun, pé bí òun bá padà sí ìlú òun, pípa ni wọ́n máa pa òun. Òǹtẹ̀ méjèèjì wà níwájú rẹ. Bí o kò bá tíì ṣàṣìṣe ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, o lè gbà á wọlé, ìwé ìkìlọ̀ lásán ni o máa rí gbà. Bí o bá ti fi àìfarabalẹ̀ ná méjèèjì tán, inú owó oúnjẹ ọmọ rẹ ni àánú obìnrin yìí ti máa jáde.

Pope ò wàásù níbẹ̀. Kò sí ohùn kankan tó ń sọ pé ìjọba yìí burú tàbí pé ènìyàn rere ni ọ́. Iye ló fi lé àánú, ó sì fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ. Ọjọ́ mìíràn ni ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Calensk máa wá bá ọ, pé wọ́n ń fún òun ní owó lórí iye ènìyàn tí wọ́n bá tì mọ́lé, pé bí o bá ń ti ènìyàn sí òun, òun á máa fún ọ ní tìrẹ. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tí àṣìṣe kékeré wà nínú ìwé rẹ̀, tí o kàn lè lé padà, ti di owó. Wàá rí i tí ọwọ́ rẹ ń lọ síbi bọ́tìnì ìtìmọ́lé fúnra rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń gba ìjọ lámọ̀ràn tó ń ti àwọn Kolechia mọ́lé nítorí owó oògùn ọmọ tí kò sí láyé.

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí ẹ̀ ń gbá, ọ̀tọ̀ ni ìtàn, ọ̀tọ̀ ni eré. Ẹ ó yìnbọn títí, eré á dúró, sinimá á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á sunkún, ẹ ó tẹ bọ́tìnì kí ó lè tètè tán, ìbọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè yọ sinimá yẹn kúrò, eré ò sì ní bàjẹ́. Dán an wò pẹ̀lú Grestin. Yọ owó ilé, yọ aago, yọ ìkìlọ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn, kí o wo ohun tó kù nínú ìtàn. Ayò ọlọ́pọ́n ló jọ jù lójú mi: ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹnikẹ́ni ò ka ìtàn sí ọ létí, síbẹ̀ kí ọ̀pọ́n tó tán, gbogbo ẹni tó dúró yíká ti mọ ẹni tó ní ìwọra.

4. Dán an wò nílé.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Má kàn gbé Grestin wá sí Sẹ̀mẹ̀ kí o yí orúkọ ènìyàn inú rẹ̀ padà, ìyẹn ò tíì di géèmù tìrẹ. Mú ohun tí ojú rẹ rí. O ò kéré nígbà ọ̀wọ́n owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ àwọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n ní 31 oṣù kìíní ni ti àtijọ́ máa kú. Wọ́n tún sún un sí 10 oṣù kejì. Ní 3 oṣù kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí a ṣì máa ná an títí di òpin ọdún. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, owó tuntun ò sí, ti àtijọ́ ò ní olùgbà, gbogbo ayé sì ń wá ọmọbìnrin tó jókòó sábẹ́ agbòjò pẹ̀lú ẹ̀rọ POS.

Jẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù rẹ jẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Láàárọ̀, owó báyìí ló wà nínú dúróò rẹ̀, kò sì mọ ibi tí òmíràn máa ti wá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pinnu iye tó máa gbà lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bó bá gba púpọ̀, owó oúnjẹ ọ̀la ti jáde, ṣùgbọ́n àdúgbò ń wò ó, ọjọ́ sì ń bọ̀ tí nǹkan máa padà bọ̀ sípò. Nẹ́tíwọ̀kì á lọ. Wọ́n ti yọ owó ní àkáǹtì oníbàárà, kò tíì dé ti ọmọbìnrin yìí, ọkùnrin náà sì dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tó fi ń hàn án pé wọ́n ti yọ ọ́. Kí ó fún un ní owó, kí ó máa gbàdúrà ni, àbí kí ó ní kó padà wá lọ́la? Ìyá arúgbó á fa ẹgbẹ̀rún kan àtijọ́ yọ láti inú ìdí aṣọ. Rédíò á sọ̀rọ̀ láràárọ̀, ohun tó bá sọ ló máa yí òfin ọjọ́ náà. Ẹni tó yá a ní owó tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà á dé, yóò ní òun ò ní sanwó kankan lórí tòun.

Má kọ gbólóhùn kankan tó sọ pé olè ni tàbí pé ọmọ dáadáa ni. Jẹ́ kí dúróò rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tìrẹ lè yàtọ̀ pátápátá sí èyí o. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó dá wà ní wọ́ọ̀dù lóru, ó lè jẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Ẹni tó bá mọ inú iṣẹ́ kan ni kí o lọ jókòó tì, kí o béèrè ohun tó ń dá a dúró jù láàárín ọjọ́, kí o kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Pa ìlú mẹ́fà rẹ́ nínú méje.

Oṣù kọkànlá 2012 ni Pope bẹ̀rẹ̀ Papers, Please. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ó ti wà lọ́jà. Òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun ló kọ kóòdù rẹ̀, òun náà ló kọ orin rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìlà lókè, àgọ́ àti tábìlì nísàlẹ̀. Ògbóǹtarìgì ni ọkùnrin yìí, ó ti bá wọn ṣe àwọn géèmù tí ènìyàn ń gun òkè nínú rẹ̀. Nígbà tó dá nìkan wà, àgọ́ kan ló mú.

Kì í ṣe pé ó jí lọ́jọ́ kan ni ó rí i. Ní oṣù kẹrin 2012, ó bá wọn kópa nínú Ludum Dare, ìdíje tí ènìyàn ti ń fi wákàtí 48 ṣe géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ṣe èyí tó pè ní The Republia Times. Olóòtú ìwé ìròyìn ìjọba ni ọ́ níbẹ̀. O ń yan ìròyìn tó máa wọ ojú ewé àkọ́kọ́, ìjọba sì ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ sọ́dọ̀. Iṣẹ́ kan, ìwé, ẹbí tí wọ́n fi dè ọ́ lọ́wọ́: gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ó tó di Arstotzka, Republia pàápàá sì padà wá di ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí èrò ti ń wá sí Grestin. Nítorí náà ṣe kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí o tó ṣe èyí tí o fẹ́ tà. Parí wọn. Èyí tí kò parí ò kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa bí a ṣe ń parí.

6. Má kẹ́gàn ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé fóònù ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Síbẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tábìlì àti láptọ́ọ̀pù ni géèmù bíi èyí ti ń rí ààyè bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ènìyàn lè fi máòsì fa ìwé kiri, ọjà tí o ti máa tà á sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó dá wà. Ọdún 2014 ni Papers, Please dé iPad. Ó di 2022 kí ó tó dé fóònù, nítorí tábìlì kékeré yẹn kò rọrùn láti tò sínú ojú fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́ ni bí ẹnì kan ṣe fi iṣẹ́ kan kárí Windows, Mac àti Linux. Èdè tó ń jẹ́ Haxe ni Pope lò, pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ tó máa ń mú kóòdù kan náà jáde fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló kọ ọ́, ìyókù jẹ́ àtúnṣe àti àyẹ̀wò. Lónìí ọ̀nà ti pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Godot wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yan irinṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kàn. Bí o bá kọ ọ́ tán fún Windows nìkan kí o tó rántí ìyókù, wàá tún ilé kọ́ láti ìpìlẹ̀.

Kí ó sì fúyẹ́. Géèmù yẹn kò béèrè ju RAM 2GB àti àyè 100MB lọ. Láptọ́ọ̀pù tí o rà ní Computer Village lè gbé e, ti ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti dàgbà jù ú lọ náà lè gbé e. Ó tún máa ń fi eré pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o lè padà sí ọjọ́ tó bá wù ọ́. Mi ò rò pé Pope ń ro NEPA nígbà tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́dọ̀ rò ó. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni kí ènìyàn pàdánù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan.

7. Fi aláwàdà kan síbẹ̀.

Jorji Costava ni ti Grestin. Bàbá aláìnítìjú ni. Ó kọ́kọ́ wá láìní pásípọ́ọ̀tù rárá. O lé e, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ó padà wá pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, ti orílẹ̀-èdè Cobrastan tí kò sí níbì kankan, ó sì ní kí o wò ó dáadáa, ojúlówó ni. O lé e, kò bínú. Yóò tún padà wá. Nínú géèmù tí òtútù àti ìbẹ̀rù ti ń fún ènìyàn lọ́rùn, òun nìkan ni inú rẹ á máa dùn láti rí lórí ìlà, láìpẹ́ wàá sì bá a pé o ń wá ọ̀nà tí o fi máa ràn án lọ́wọ́. Pope kò fi í sọ ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

8. Bí ohun ìtìjú bá wà nínú iṣẹ́ rẹ, mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà ní Grestin tó ń ya àwòrán ara ènìyàn ní ìhòòhò. Lẹ́yìn ìkọlù kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo àwọn ará Kolechia, gbogbo wọn, ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìṣẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbá géèmù náà á ní kí ni ìhòòhò ń wá níbẹ̀. Ìwọ tí o wà lẹ́yìn tábìlì mọ̀: ìwọ lo tẹ bọ́tìnì, ìwọ lo wò ó, ẹni ọ̀hún ò sì gbé nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí géèmù náà fẹ́ wọ iPad, Apple kọ́kọ́ ní àwọn ò gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Pope yọ ọ́, kò pẹ́ tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú ààyè fún ẹni tí kò bá fẹ́ rí i láti pa á. Ààyè yẹn wà nínú ti kọ̀ǹpútà náà. Bí ìyá rẹ bá bi ọ́ léèrè ohunkóhun nínú géèmù rẹ, rí i pé o ní èsì tí o lè wo ojú rẹ̀ sọ. Bí o kò bá ní, yọ ọ́.

9. Má fi iṣẹ́ oúnjẹ rẹ sílẹ̀ nítorí ìròyìn ayọ̀ ẹlòmíràn.

Dọ́là 9.99 ni wọ́n ń ta Papers, Please. Kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá, ó ti ta mílíọ̀nù márùn-ún. Ní 2014 ó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Independent Games Festival, àwọn BAFTA náà sì dá a lọ́lá. Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, kí o sì lè mọ̀ pé ẹni tó ti lo ọdún pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tó ní ìmọ̀ lọ́wọ́, ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí. Wo Eric Barone náà, ẹni tó dá Stardew Valley ṣe. Ó lé ní ọdún mẹ́rin tó fi ń ṣe é, nínú ọdún wọ̀nyẹn ó ń fi ìjókòó han àwọn èrò ní gbọ̀ngàn eré kan ní Seattle, olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti fi gbé ilé dúró. Ó jáde ní oṣù kejì 2016, ayé sì gbọ́. Mélòó ló lo ọdún mẹ́rin bákan náà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ wọn? Wọ́n pọ̀ ju àwọn tí ayé gbọ́ lọ fíìfíì, wọn kì í sì pe irú wọn wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé.

Nítorí náà, máa bá iṣẹ́ fóònù títúnṣe tí o fi ń jẹun lọ. Máa fi wákàtí méjì alẹ́ ṣe géèmù. Tètè máa fi han ènìyàn: Pope ò tíì parí géèmù rẹ̀ tó ti ń gbé e síta kí àwọn ènìyàn gbá a, tó tún ní kí wọ́n fi orúkọ ránṣẹ́ tí òun á fi sọ àwọn arìnrìn-àjò lórúkọ. Ẹni tó fi orúkọ ránṣẹ́ máa fẹ́ rí ara rẹ̀ lórí ìlà. Ìwọ náà lè ṣe é. Orúkọ Yorùbá ò ní tán.

10. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ tí o jẹ, wọ́n máa ní kí o ṣe apá kejì.

Wọ́n ní kí Pope ṣe é. Ó wọ inú ọkọ̀ ojú omi kan lọ, ọkọ̀ ayé ọdún 1807 tí gbogbo èrò inú rẹ̀ ti kú tàbí sọnù, ó sì fi ọ́ ṣe òṣìṣẹ́ adójútòfò tó ń wá bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe kú. Return of the Obra Dinn ni, àwọ̀ méjì péré ni gbogbo àwòrán rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́rin lẹ́nu rẹ̀. Oṣù kẹwàá 2018 ló jáde fún Windows àti Mac, ní 2019 ó sì tún gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ yẹn kan náà. Síbẹ̀ ìwé àti ìbéèrè ló ṣì wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan tó ń fi orúkọ àti ojú wéra. Bí o bá ti parí Grestin, òun ni kí o gbá tẹ̀ lé e. Láptọ́ọ̀pù rẹ máa kígbe díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa gbé e.